Èkó Ń Gba Owó Òtẹ́ẹ̀lì Etí Òkun, Ta Ló Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Kò sí òkun ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ṣí fèrèsé kó rí ìgbì. Ará Ìgándó tó bá fẹ́ gbọ́ ariwo òkun á gba ọ̀nà LASU já sí Ìyànà-Ìbà, á yà sọ́wọ́ ọ̀tún, á forí lé Badagry. Ará Ẹ̀gbẹ́dá tí Lẹ́kí wù á kọ́kọ́ bá Òṣòdì wọ̀yá ìjà ná.

Wọ́n á dé òtẹ́ẹ̀lì etí òkun tán, àwòrán orí Instagram á pòórá. Yàrá tí wọ́n ní ó kọjú sí òkun, jẹnẹrétọ̀ ló kọjú sí. Òkun tí wọ́n polówó lè jẹ́ ọ̀sà. AC ń kùn, kò tutù. Ẹni tó wà ní kántà á ní, “Ẹ má bínú sà, aago méje la máa tan jẹn.” Owó tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ lórí fóònù á wá máa yọjú: owó ìdúró nítorí ohun tó lè bàjẹ́, owó géètì etíkun, VAT 7.5%.

Ká má purọ́ mọ́ olótẹ́ẹ̀lì: iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin, AC kì í pẹ́ dípẹtà níbẹ̀, dísù sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iye wákàtí tí iná òun ń wà lè sọ ọ́ kó tó gbowó.

Nígbà kan, kò dìgbà téèyàn bá sanwó yàrá kó tó tẹsẹ̀ bọ òkun. Etíkun Bar Beach wà. Ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn mọ sẹ́nu èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912 dí iyanrìn tí ìgbì ń gbé lọ sí ìlà-oòrùn lọ́nà, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ etíkun náà. Lónìí, ìlú tuntun Eko Atlantic ló wà níbẹ̀. Ní 2024, wọ́n wó ilé ìtajà rẹpẹtẹ ní Landmark Beach nítorí ọ̀nà Èkó sí Calabar. Púpọ̀ nínú etíkun tó kù ti di ti onígéètì.

Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 sọ pé olótẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ gbà ju iye tó kọ síta lọ. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì mẹ́hẹ, oníbàárà lè ní kó tún un ṣe tàbí kó dá lára owó padà. Àmọ́ ta ló ń béèrè? “Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre” ni ọ̀pọ̀ ń wí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ni kò yẹ kó wí bẹ́ẹ̀. Òfin tí Èkó ṣe ní 2009 fi 5% lé owó òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pè é lẹ́jọ́ lórí ẹni tó láṣẹ lórí òtẹ́ẹ̀lì, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Èkó láre ní oṣù Keje, 2013: ìpínlẹ̀ ló ni ìwé àṣẹ òtẹ́ẹ̀lì àti ètò dídíwọ̀n wọn. Ẹni tó jà fún àṣẹ tó sì gbà á, tó tún ń gbowó lórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, kò lè ní AC tí kò tutù kò kan òun.

Kí wọ́n yẹ àwọn òtẹ́ẹ̀lì etí òkun wò kí Kérésìmesì àti Àjíǹde tó kó èrò dé, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ géètì: wákàtí iná, irú omi tó ń yọ, bóyá ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ wà tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wọ òkun. Nọ́ńbà LASCOPA, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà l'Ékòó, ibi tó yẹ ẹ́ ni orí rìsíìtì, lábẹ́ ìlà tí wọ́n kọ 5% sí.