Ọ̀nà burúkú ló ń gbé típà ga, típà gíga ló sì ń ba ọ̀nà jẹ́

Ẹni tó bá rin ọ̀nà Abẹ́òkúta gba Ìtórí, Ewékorò àti Ìfọ̀ dé Sàngó-Ọ̀tà yóò rí àwọn típà tí ẹ̀yìn wọn ga sókè bí ìdí àkekèé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ṣe wọ́n. Àwọn tó ni ọkọ̀ ló ń pe mẹkáníìkì àti wẹ́dà wá sí ojúlé, tí wọ́n á fi jáàkì gbé ọkọ̀, tí wọ́n á sì fi irin sípíríǹgì mìíràn kún èyí tó wà nídìí rẹ̀.

Àwọn onímọ́tò ní àlàyé tiwọn. Wọ́n ní ihò ojú ọ̀nà ń fọ́ sípíríǹgì, epo dísù wọ́n, bí ẹrù kò bá sì pọ̀, owó ìrìn kan kò lè tó ná. Òkúta ń ti Ọ̀dẹ̀dá wá, sìmẹ́ńtì sì ti ń jáde ní Ewékorò láti ọdún 1960, nítorí náà ẹrù kò lè tán lọ́nà ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Sípíríǹgì nìkan ni wọ́n fi kún. Bíréèkì, táyà àti ọ̀pá irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì kò lágbára ju ti àná lọ. Bí ẹrù bá sì ṣe ń ga kúrò nílẹ̀ tó ni ọkọ̀ ṣe ń rọrùn láti dojú dé ní kọ́nà. Ọ́ọ̀sì bíréèkì lè fà títí yóò fi já, pùrọ̀pẹ́là náà yóò máa yí ní wíwọ́. Nínú ìlú olókè bí Abẹ́òkúta, tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọjà àti ilé ìwé, ta ni yóò dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró? Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró náà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tọrọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà wá ńkọ́? Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1958 sí 1960, fi hàn pé bí ẹrù orí ọ̀pá táyà kan bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún ọ̀nà yóò tó nǹkan bí ìlọ́po 16. Èyí ni pé nítorí ọ̀nà burúkú ni wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ ga, ẹrù tí wọ́n sì wá ń kó sórí rẹ̀ ló tún ń ba ọ̀nà náà jẹ́ sí i. Ẹnì kan ló ń jẹ èrè rẹ̀, gbogbo wa là ń san gbèsè rẹ̀.

Òfin kò sọnù. Àjọ ECOWAS fẹnu kò lórí ìwọ̀n ẹrù ọkọ̀ ní ọdún 2012, Nàìjíríà sì ṣe ìlànà tirẹ̀ ní 2018. Àwọn FRSC àti TRACE wà lójú pópó. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá tó dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ẹrù ti wà lórí rẹ̀ ná. Ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta àti ibi tí wọ́n ti ń kó sìmẹ́ńtì ló yẹ kí òṣùwọ̀n wà, kí ẹni tó di ẹrù náà sì jẹ́jọ́ pẹ̀lú ẹni tó wà á. Kí ìjọba náà sì tún ọ̀nà ṣe, kí àwáwí àwọn onímọ́tò lè tán.