Ta Ni Yóò Gba Ẹ̀gbọ́n Lọ́wọ́ Ìyá Ìkókó?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa lónìí ni pé, nílẹ̀ Hausa tí a wà yìí, àwọn wo ni igba ènìyàn náà?

Ìdí ìbéèrè wa kò fara sin. Mẹ́ta nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ló ń tọ́ ọmọ méjì pọ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀kan ìkókó, èkejì ẹ̀gbọ́n tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n tí kò tíì mọ̀ pé òun ti di ẹ̀gbọ́n! Bí ìyá bá gbé ìkókó pé kó fún un lọ́mú, ẹ̀gbọ́n á bú sẹ́kún. Bí ó bá pọn ẹ̀gbọ́n, ìkókó á jí. Bí ó bá wẹjú pẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n ti gé àbúrò jẹ lẹ́sẹ̀. Òru kò ṣe é sùn, ọ̀sán kò ṣe é sinmi, lẹ́kíṣọ̀ sì wà ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Họ́sítẹ́ẹ̀lì kò gba ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ọgbà, ọmọ òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: “Ta ló rán wọn níṣẹ́? Ṣé ìwé ni wọ́n wá kà ni tàbí ọmọ ni wọ́n wá bí?” Ọ̀rọ̀ yìí kò dára lẹ́nu ọmọlúàbí. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, gbogbo wa la ṣe àmín pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní m'ẹní. A jẹ ìrẹsì, a mu ẹlẹ́rìndòdò, a ya fọ́tò. Àdúrà wá gbà tán, ẹ ń bínú!

Kì í ṣe pé àwa náà kò mọ̀ pé ó yẹ kí àlàfo wà láàárín ọmọ kan sí èkejì. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n kí òyìnbó tó dé. Láyé àtijọ́, abiyamọ kì í sún mọ́ ọkọ rẹ̀ títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, èyí sì máa ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àtọ̀ ọkùnrin ń ba omi ọmú jẹ́. Àlàyé náà kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò wọn pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí ó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí ìyá tó tún lóyún, èyí tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yóò fi bí ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án ju àbúrò lọ. (Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o: àwọn baba wa tó ń yìn ara wọn pé àwọn mú sùúrù, ìyàwó mìíràn wà nínú ilé.)

Àwọn Hausa tó gbà wá lálejò pàápàá ní orúkọ fún un. Kunika ni wọ́n ń pe kí obìnrin tún lóyún nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú, wọn kì í sì í fi ẹ̀rín pè é. Ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, Dókítà Cicely Williams gbé orúkọ àìsàn kan jáde nínú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1935. Orúkọ náà ni kwashiorkor. Ọ̀rọ̀ èdè Ga ni, ohun tó sì túmọ̀ sí ni àìsàn tó ń ṣe ọmọ tí àbúrò ti lé kúrò lẹ́nu ọmú. Ẹsẹ̀ ọmọ á wú, irun á pọ́n, kò ní lè ṣeré mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀gbọ́n ni àìsàn náà ń mú, kì í ṣe ìkókó. Wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi ògì lásán dípò.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ pé ẹni tó bá ń fún ọmọ lọ́mú kì í lóyún, wọ́n sì gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Kí ọmọ má tíì pé oṣù mẹ́fà, kí ó jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu tọ̀sán tòru, kí nǹkan oṣù ìyá má sì tíì padà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ béèrè nípa ìfètò sọ́mọ bíbí. Kí ọkọ àti aya jọ lọ. Èyí tó ku nípa rẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò sọ ọ́ jù wá lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti dé ti dé. Nílé, ìyá àgbà ni ìbá wá wẹ ọmọ. Àwọn Igbo ẹlẹgbẹ́ wa ń pe tiwọn ní omugwo, wọn kì í sì í fi ṣeré. Àwọn ìyá tiwa wà ní Ìkìrun, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Àbújá sí Kaduna ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni ẹ̀rù ọ̀nà ń bà. Àdúrà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù.

Nítorí náà, ẹ̀yin baba ọmọ, ọ̀dọ̀ yín la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ní ọjọ́ 10 ìsinmi ìkómọ ní ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ náà sì ti fọwọ́ sí ọjọ́ 14 fún tirẹ̀. Kò sí ẹni tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsinmi kankan, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ tó ń gbé ìwé lọ sí láíbìrì ní alaalẹ́, tí kì í padà títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ṣé ìdánwò ìyàwó rẹ̀ ni yóò bá a ṣe ni? Ìlédìí kì í já ọkùnrin lọ́wọ́ jẹ.

Ẹ̀yin tókù, a rí yín bí ẹ ṣe ń lọ kí ìyá ọmọ. Gbogbo yín lẹ fẹ́ gbé ìkókó! Ẹ gbé e, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ lọ. Ìkókó kọ́ ni wàhálà; oorun ló ń sùn. Ẹ̀gbọ́n ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kí ẹ tó wo ojú ìkókó, ẹ kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n. Ẹ mú un jáde, ẹ jẹ́ kó sáré lórí pápá. Ẹ fún un ní ẹ̀wà tí a gún, ẹyin, edé lílọ̀ nínú ọbẹ̀. Ẹ má ṣe fi òun àti ìkókó nìkan sílẹ̀ lórí ibùsùn. Bí ẹ bá sì rí kẹrosíìnì nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò nílẹ̀ yàrá, ẹ gbé e sókè kí ẹ tó jókòó. Wákàtí méjì péré, ìyá á sùn.

Oorun yẹn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn àgbà kò ṣàdédé ní ọ̀rọ̀ bí abísínwín nínú èdè wa. Bí ìyá ọmọ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń sọ pé òun yóò pa ọmọ tàbí ara òun lára, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà lè máa gbà á nínú ọkọ̀.

Ẹgbẹ́ wa ń náwó sí Ọjọ́ Àṣà lọ́dọọdún, a ń lù, a ń jó, a ń wọ aṣọ òfì. Ó dára. Àmọ́ kí ni àṣà bí kò bá sí ẹni tí yóò bá ọlọ́mọ gbé ọmọ? Àbá tí àwa olóòtú gbé wá ni pé kí ẹgbẹ́ ṣe ìwé orúkọ fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ènìyàn méjì méjì, tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ mọ̀ tó sì fọkàn tán, ni yóò máa jọ tọ́jú àwọn ọmọ nígbà tí ìyá bá wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọkùnrin lè kọ orúkọ, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò máa gba orúkọ ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí a fẹ́ wá ènìyàn fún ní ìdánwò ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ rẹ̀ àgbà fẹ́ràn àkàrà gan-an, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọmọ kékeré.