Oníbodè Tó Ń Gba Owó Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná! Bí oníbodè bá gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo yín tán, tó tún wá dá aláta dúró nítorí pé aláṣọ ti fún un lówó ẹ̀yìn, ṣé ẹ ó gbà? Ìjà tí wọ́n ń jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an nìyẹn.

Lọ́dún 2015, FCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó tẹlifóònù àti rédíò níbẹ̀, ṣòfin pé iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ dínà mọ́ ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dín eré ẹnikẹ́ni kù, kò sì gbọdọ̀ gbowó kó fi ti ẹnì kan ṣíwájú. Nígbà tó di 2017, ìjọba ti yí padà. Àjọ kan náà dìbò 3 sí 2, wọ́n fagi lé e.

Lọ́dún 2018, iná ńlá ń jó igbó ní California. Ẹnu iṣẹ́ làwọn panápaná Santa Clara wà tí Verizon dín eré íntánẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wọn kù, tó ní kí wọ́n lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Verizon ní àwọn ṣàṣìṣe ni, pé kò kan ọ̀rọ̀ òfin. Àmọ́ inú ti bí aráàlú. Kí ọdún náà tó parí, California ṣòfin tirẹ̀.

FCC dá òfin tiwọn padà ní 2024, ilé ẹjọ́ tún wọ́gi lé e ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ti California ò yẹ̀.

Kí ẹni tó ń fi WhatsApp tajà má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà o. Ẹni tó bá di ojú ọ̀nà ọjà mú, òun ló mọ ẹni tó máa jèrè.