ÀWỌN ÒKÚTA ILẸ̀ WA TÍ WỌ́N Ń LỌ LÁÌ NÍ ORÚKỌ

Ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí jẹ́ ọ̀ràn òwò, ó sì jẹ́ ọ̀ràn ọlá pẹ̀lú. Láti oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí wúrà àkọ́kọ́ jáde ní ibi ìwakùsà Segilola ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹnu gbogbo ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò kúrò lórí ohun àlùmọ́nì. Ní ọdún 2024, Ìjọba Àpapọ̀ tún kéde pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakùsà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn bí òun yóò ti ṣe iṣẹ́ lórí ohun tí ó wà nílé níhìn-ín, kí ó tó kó o lọ sí òkè òkun. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń béèrè pé: Tọ́ọ̀nù mélòó ni a wà? Èló ni owó orí rẹ̀? Ta ni ó ní ìwé àṣẹ, ta ni kò sì ní? Ìbéèrè rere ni gbogbo wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣẹ́ kù tí àwa fẹ́ bi: nínú gbogbo òkúta tí ń ti inú ilẹ̀ wa jáde, èwo ni a fi pamọ́?

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, kí ó sì wí pé, “Kí ni a fẹ́ fi òkúta pamọ́ ṣe?” Ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀ kò rántí ilé baba rẹ̀. Àwọn baba wa kò fi ojú yẹpẹrẹ wo òkúta. Ẹdùn àrá tí ó wà ní ojúbọ Ṣàngó kò ṣàdéédé dé ibẹ̀: a ṣà á ní oko, a gbé e sínú ọpọ́n, a sì fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti ìran dé ìran. Ní Ìfọ́n níhìn-ín, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, ta ni kò mọ ẹfun? Inú ilẹ̀ ni a ti ń wa ẹfun. Tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé, òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣègùn ti kìlọ̀ fún wa nísinsìnyí pé òjé kò dára fún ara. Òkúta pupa ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin sì ń gbẹ́, tí wọ́n ń lu, tí wọ́n ń dán, títí ó fi di ìlẹ̀kẹ̀ lántànà tí àwọn ọlọ́lá ń so mọ́ ọrùn. Nítorí náà kíkó òkúta jọ kì í ṣe àṣà àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ó jẹ́ àjèjì ni kí a máa jẹ́ kí ó lọ láì fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ní òkè òkun, òwò ńlá ni kíkó òkúta jọ, ìmọ̀ ńlá sì ni. Ní ìlú Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1955 ni a ti ń ṣe àfihàn òkúta ní ọdọọdún, tí àwọn olùkójọ, àwọn oníṣòwò àti àwọn olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń wá láti gbogbo ayé. Ohun méjì ni irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń wò kí wọ́n tó na owó. Èkínní ni pé kí òkúta náà wà ní odindi, bí Ẹlẹ́dàá ti ṣe é, kí igun àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má ṣe kán, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ó ṣì jókòó lórí àpáta tí ó ti hù jáde. Èkejì ni pé kí a mọ ibi tí ó ti wá gan-an: orílẹ̀-èdè, ìlú, àti kòtò tí a ti wà á. Òkúta tí ó lẹ́wà ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó mọ orírun rẹ̀, bí àlejò tí kò lè dárúkọ ilé baba rẹ̀ ni ó rí lójú wọn. A ó gbà á sílé, ṣùgbọ́n a kì yóò fún un ní àga iwájú.

Àwọn Òyìnbó tí wọ́n ṣe àkóso ilẹ̀ wa nígbà kan rí mọ àṣírí yìí dájúdájú. Láti ọdún 1903 ní ìhà gúúsù, àti láti ọdún 1904 ní ìhà àríwá, wọ́n rán àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ jáde láti rìn ká, kí wọ́n máa ṣa òkúta. Gbogbo èyí tí wọ́n bá ṣà ni wọ́n ń kọ orúkọ ibi tí ó ti wá sí, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí Imperial Institute ní London fún ìdánwò. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni a ti rí èédú ní Udi ní ọdún 1909. Ní ọdún 1919, Ìjọba dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, Ọ̀gbẹ́ni J. D. Falconer ni ó sì jẹ́ olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. A kò wí pé nítorí tiwa ni wọ́n ṣe é, nítorí èrè ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì kọ nǹkan sílẹ̀ ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ méjì gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Nígbà ogun Hitler, a ń wá oríṣiríṣi òkúta fún ohun ìjà, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Jacobson àti Webb, sì ṣe ìwádìí àwọn àpáta àárín gbùngbùn Nàìjíríà. Ní agbègbè Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Yàgbà, tí ó wà nínú ẹkùn Kàbà nígbà náà, tí ó sì wà ní ìpínlẹ̀ Kogí nísinsìnyí, a rí òkúta kan tí ó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ó rí pẹlẹbẹ, tí ó sì ní igun mẹ́fà. Tánńganran wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ òkúta tánńganran kankan tí a ti mọ̀ rí. Bannister àti Hey, àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti London, pẹ̀lú ẹnìkejì wọn Stadler, yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n sì kéde ní ọdún 1947 pé irú rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Wọ́n pè é ní nigerite, nítorí orúkọ ilẹ̀ wa. Láti ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ti fi àfikún gígùn sí orúkọ náà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò kúrò nínú rẹ̀. Níbikíbi tí a bá ti ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ òkúta, bóyá ní Jámánì tàbí ní Japan, orúkọ wa wà níbẹ̀, nítorí pé a fi òkúta náà pamọ́, a sì kọ ibi tí ó ti wá sílẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ fúnra wọn ni ó ti fi ojú kàn án?

Àpẹẹrẹ kejì korò díẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1989, ní ìpínlẹ̀ Paraíba ní Bràsíl, a rí irú òkúta tourmaline kan tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn bí omi òkun lábẹ́ oòrùn. Bàbà tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó fún un ní àwọ̀ náà, owó rẹ̀ sì ga kọjá àfẹnusọ. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ jẹ́rìí sí i pé irú rẹ̀ tí bàbà wà nínú rẹ̀ ń ti Nàìjíríà jáde. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ní ọdún 2006, àwọn ilé ìdánwò òkúta ńláńlá ti àgbáyé fi ohùn ṣọ̀kan pé kí a máa pe gbogbo irú tourmaline bẹ́ẹ̀ ní Paraíba, níbi yòówù tí ó bá ti wá. Báyìí ni òkúta tí a wà ní ilẹ̀ wa ṣe ń jẹ́ orúkọ ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn. A kò bá àwọn ará Bràsíl jà. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé tiwọn sójútáyé pẹ̀lú orúkọ, tiwa sì dé ọjà lẹ́yìn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1998 kò jìnnà sí èyí. Tourmaline pupa jáde lọ́pọ̀ yanturu, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé láàárín ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ibi tí a ti wà á, ẹnìkan yóò ní Ìbàdàn, ẹlòmíràn yóò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹlòmíràn yóò sì kọ “Nàìjíríà” nìkan, kò tán? Ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń pàdé, bí ọjà òkúta Òjòó ní Ìbàdàn, ni ó gba ipò ìlú tí a ti wà á. Tourmaline a máa gùn bí ìka ọwọ́, a sì máa ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí dé ìdí. Bí awakùsà bá ti rí i, òòlù ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí, yóò fọ́ ọ, yóò yọ ibi tí ó mọ́ gaara fún ẹni tí ń gé òkúta òrùka, yóò sì da ìyókù nù. A kò lè dá a lẹ́bi, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ pé odindi kan tí kò kán, tí ó ṣì dúró lórí àpáta rẹ̀, lè pa owó ju àwẹ́ mẹ́wàá tí a fọ́ lọ, ǹjẹ́ kì yóò rọra? Ohun tí a ní ni à ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé iṣẹ́ yìí kọjá agbára aláwọ̀ dúdú. Ní ìlú Tsumeb, ní ilẹ̀ Namibia, a wa bàbà, òjé àti òkúta mìíràn fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, títí a fi ti ibi ìwakùsà náà ní ọdún 1996. Oríṣi òkúta tí ó jáde níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, kò sì sí olùkójọ kan ní ayé tí kò mọ orúkọ Tsumeb. Bàbà ti tán, iṣẹ́ ti dúró, ṣùgbọ́n ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà nínú ìlú náà tí àlejò lè wọ̀ láti wo àwọn òkúta rẹ̀. Orúkọ kò tán pẹ̀lú kòtò. Ní tiwa, bí wúrà Ìjẹ̀ṣà bá tán lọ́la, kí ni a ó fi han àwọn ọmọ wa? Kòtò tí omi dúró sí?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò takò wá. Wọn yóò ní òfin ohun àlùmọ́nì ti ọdún 2007 fi gbogbo ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀, pé ta ni aráàlú tí yóò máa kó òkúta jọ. Òtítọ́ ni, a kò sì gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn láti rú òfin. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà tàbí kó jáde, kí ó gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó fún Ìjọba ní agbára láti fi májẹ̀mú sí ìwé àṣẹ. Bí Ìjọba bá lè wí pé kí a ṣe iṣẹ́ lórí òkúta nílé kí ó tó jáde, kí ni ó dé tí kò lè wí pé kí a fi ọ̀kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀? Àwọn mìíràn yóò ní bí a bá dárúkọ kòtò, àwọn olè yóò ya bò ó. Èyí pàápàá ní ìdáhùn: kí a kọ orúkọ náà sínú ìwé, kí a tì í mọ́ àpótí títí iṣẹ́ yóò fi parí níbẹ̀. Ohun tí a kò kọ rárá ni kò ní àtúnṣe.

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn wa. Èkínní, kí àwọn tí ń wà máa ya èyí tí ó bá jáde ní odindi sọ́tọ̀, kí wọ́n fi òwú tàbí àkísà rírọ̀ dì í, kí wọ́n má sì fi òòlù tọ́ ọ wò. Èkejì, kí ẹni tí ó rà á kọ ìwé pélébé kan mọ́ ọn ní ọjọ́ náà gan-an: orúkọ ìletò, orúkọ odò tàbí òkè tí ó wà nítòsí, àti ọjọ́ tí ó jáde. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìlú tí ìwakùsà wà ní ilẹ̀ wọn bá àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ sọ ọ́, kí òkúta díẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá sí gbọ̀ngán ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹrin, kí Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jẹ́ kí irú rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Òṣogbo àti ní ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, níbi tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kò ti wọ́n.

Ẹ̀yin ará Ìfọ́n àti Ìlobùú, ẹ má ṣe wí pé ọ̀ràn yìí kò kàn yín. Ẹ wà láàárín wúrà Ìjẹ̀ṣà àti òkúta iyebíye ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ yín tí ń ṣòwò sì ń gba ọ̀nà méjèèjì. Ẹ̀yin olùkọ́, àpótí onígi kan tí a pín sí yàrá yàrá, tí ẹfun, tìróò àti òkúta odò Erinlẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Òkúta tí a fọ́ kò ṣeé lẹ̀ pọ̀, èyí tí ó sì ti lọ láì ní orúkọ kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Àwọn tí ó ṣì wà nínú ilẹ̀ ni a lè ṣe nǹkan sí, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀.