Dókítà ní "Báwo lara?", ó ní "A dúpẹ́": bí owó aláìlera ṣe ń bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà

Bí wọ́n bá kí ọmọ Yorùbá láàárọ̀ pé "Ṣé dáadáa lẹ jí?", bí ẹ̀yìn tilẹ̀ ń ro ó débi pé kò fojú kan oorun mọ́jú, ohun tó máa tẹnu rẹ̀ jáde ni pé "A dúpẹ́ o, ara le." Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Wọn kì í ka àìsàn ẹni sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣáà ti kí wọn, àbí ta ló mọ ẹni tó ń fẹ́ gbọ́ kó lè ráyè yọ̀? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibì kan wà tí "a dúpẹ́" yìí ti lè gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn. Ibẹ̀ náà ni iwájú dókítà tí ìjọba Amẹ́ríkà bá ní kó yẹ èèyàn wò nítorí owó aláìlera.

Ẹ wo obìnrin kan bí àpẹẹrẹ, irú ẹ̀ wà ní Houston, ó wà ní Brooklyn, ó sì wà ní Maryland. Ẹni ọdún 52 ni. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú, òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń gbé wọn dìde. Lọ́jọ́ kan tó ń gbé bàbá kan tó sanra láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, nǹkan ké pà nídìí ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè dúró pẹ́, kò lè jókòó pẹ́, ẹsẹ̀ òsì sì ń ta á bí ẹni tó tẹ iná. Ó ń lo oògùn, ó ń lo ọ̀pá, kò lè padà síbi iṣẹ́ mọ́. Nígbà tí owó tó fi pamọ́ tán, àwọn ọmọ rẹ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù disability. Owó tí wọ́n ti ń yọ lówó iṣẹ́ yín látọjọ́ yìí, torí irú ọjọ́ báyìí ni."

Ó gba fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà dé pé kó wá rí dókítà lọ́jọ́ báyìí, láago báyìí. Nígbà tó ku ọ̀la, àbúrò rẹ̀ pè é láti Abẹ́òkúta.

"Àǹtí mi, ẹ má fẹnu yín pe àìsàn o. Ẹ sì múra dáadáa, kí òyìnbó má fojú tálákà wò yín."

"Ìwọ náà mọ̀ mí. Ṣé èmi ni wọ́n máa wá rí bí ẹni tí ayé ti sú?"

Ilẹ̀ mọ́, ó wọ lẹ́ẹ̀sì tó dáa jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kun àtíkè, ó fi ọ̀pá sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Dókítà ní, "Báwo lara lónìí?" Ó ní, "Dáadáa ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Wọ́n ní ṣé ó máa ń dáná, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ pé ọmọ òun ló ń gé ẹran, tó ń gbé ìkòkò, pé ńṣe lòun kàn ń jókòó sórí àpótí ro ọbẹ̀. Wọ́n ní ṣé ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè!" Kò sọ pé kí pásítọ̀ tó wàásù dé ìdajì, òun á ti lọ nà gbalaja sínú ọkọ̀. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Obìnrin yìí padà sílé, inú rẹ̀ dùn pé òun ò jẹ́ kójú ti òun. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ni pé wọn ò lè fún un ní nǹkan kan.

Ta ló jẹ̀bi? Dókítà ò purọ́ mọ́ ọn, ìjọba ò sì rẹ́ ẹ jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló purọ́ mọ́ ara rẹ̀.

Ó yẹ kéèyàn mọ ohun tí owó yìí jẹ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ fún un. Lọ́dún 1956 ni Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin tó mú owó aláìlera wọnú ètò Social Security, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án lọ́dún 1957. Oríṣi méjì ló wà báyìí. Ti àkọ́kọ́, SSDI, wà fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tó sì ti san owó orí Social Security tó. Ìkejì, SSI, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1974, wà fún aláìlera àti arúgbó tí kò lówó lọ́wọ́. Ní ti àgbàlagbà tó bá ń tọrọ èyíkéyìí nínú méjèèjì nítorí àìlera, nǹkan kan náà ni wọ́n ń wò: ṣé àìsàn yìí kò jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ tó lè mówó gidi wọlé, ṣé ó sì ti tó oṣù 12, tàbí ó máa tó bẹ́ẹ̀, tàbí ó jẹ́ èyí tó lè la ikú lọ? Wọn kì í sanwó fún àìsàn ráńpẹ́, wọn kì í sì í sanwó nítorí pé orúkọ àìsàn kan dẹ́rù bani. Ohun tí àìsàn ọ̀hún kò jẹ́ kéèyàn lè ṣe ni wọ́n ń wá.

Ọ́fíìsì kan wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń bá Social Security yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Àwọn ni wọ́n ń kọ̀wé sí ọsibítù gbogbo láti gba fáìlì. Bí fáìlì bá dé, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó, tàbí tí ọ̀kan ń tako èkejì, ìgbà náà ni wọ́n máa ní kéèyàn lọ rí dókítà. Ìjọba ló ń sanwó dókítà yẹn. Dókítà ọ̀hún kò wá láti tọ́jú ẹnikẹ́ni, kéèyàn má retí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà kọ́ ló sì máa sọ pé kí wọ́n fúnni lówó. Ohun tó rí àtohun tó gbọ́ ló máa kọ, àwọn ará ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ló máa wá kà á, tí wọ́n á fi dájọ́.

Bẹ́ẹ̀, àkókò ò pọ̀. Òfin ní kí wọ́n ya ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò gbogbo ara, ìṣẹ́jú 20 fún ti eegun àti iṣan, ìṣẹ́jú 40 fún ti dókítà ọpọlọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló fẹ́ mọ ọdún méjì ìrora láàárín 20 ìṣẹ́jú. Bí aláìsàn bá fi márùn-ún nínú rẹ̀ sọ pé "a dúpẹ́", èló ló kù?

Ìmúra àkọ́kọ́ ni lẹ́tà yẹn fúnra rẹ̀. Kí wọ́n kà á dáadáa, kí wọ́n wo ọjọ́, aago àti àdúgbò. Ẹni tí kò bá lọ, tí kò sì ní ìdí gidi, wọ́n lè torí ẹ̀ sọ pé kì í ṣe aláìlera. Bí ara ò bá yá lọ́jọ́ náà, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú ẹbí, òfin mọ èyí gẹ́gẹ́ bí ìdí, àmọ́ kí wọ́n tètè pè kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tí Òyìnbó rẹ̀ kò bá dán mọ́rán, kó béèrè ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kí wọ́n má gbé e fún ọmọ tí kò ní lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìyá òun kò lè wọ sòkòtò láìsí ìrànlọ́wọ́.

Ìkejì, kí wọ́n wá ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n béèrè nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dáná, bí wọ́n ṣe ń ra ọjà, bí wọ́n ṣe ń rìn jìnnà tó. Bí fọ́ọ̀mù bá sọ pé èèyàn ò lè rìn ju òpó iná mẹ́ta lọ, tí ẹnu tún wá sọ níwájú dókítà pé "mo máa ń rìn dáadáa", ẹnu méjì ti wà lọ́rọ̀ nìyẹn.

Ìkẹta, kí wọ́n ko gbogbo oògùn sínú àpò kan, títí kan èyí tí wọ́n rán wá láti Nàìjíríà àti àgbo tí wọ́n ń mu. Àwọn kan ń lo àgbo, wọ́n ń lọ sórí òkè àdúrà, wọn ò sì yọjú sí ọsibítù lọ́dún kan. Kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà, àmọ́ àdúrà kì í ní fáìlì. Láti ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 2017 tí òfin ti yí padà, lẹ́tà dókítà ẹni gan-an kò ní àṣẹ kan tó ju ti ẹlòmíràn lọ mọ́. Bí ẹ̀rí tó ti í lẹ́yìn bá ṣe lágbára tó, tó sì bá ìyókù mu, ni wọ́n ń wò. Nítorí náà, kí wọ́n máa lọ sí ọsibítù, kí wọ́n sì máa sọ ohun tó ń ṣe wọ́n níbẹ̀.

Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí aláìsàn gbé aago síwájú. Ìṣẹ́jú mélòó ló fi dúró kó tó wá ibi jókòó? Ìgbà mélòó ló jí lóru? Nínú ọjọ́ méje, mélòó ni kò lè jáde nílé? Kó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ó máa ń dùn mí gan-an" kò yé dókítà tó "bí mo bá fọ abọ́ fún ìṣẹ́jú 10, mo gbọ́dọ̀ lọ dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan."

Tó bá wá dọjọ́ náà, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́ ni kí wọ́n wọ̀. Ọ̀pá tí wọ́n ń tì, kí wọ́n tì í wọlé. Kí wọ́n má ko oògùn jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ torí kára lè dá ṣáṣá. Kí wọ́n sì rántí pé ojú ti ń wò wọ́n látìgbà tí wọ́n ti wọlé: bí wọ́n ṣe rìn, bí wọ́n ṣe jókòó, bí wọ́n ṣe gun bẹ́ẹ̀dì. Bí dókítà bá béèrè pé ṣé wọ́n ń ṣe nǹkan kan, kí wọ́n fi "báwo" kún un: ta ló ń ran wọ́n lọ́wọ́, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó, kí ló ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ti ọpọlọ tún wá le ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹni tó ń sunkún lóru, tí ọ̀rọ̀ ò wọ etí rẹ̀ mọ́, tó ń ṣèèṣì gbàgbé iná lórí sítóòfù, kò ní fẹ́ sọ, kí wọ́n má baà pè é ní wèrè. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, dókítà sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn ò bá gbọ́ ni wọn ò ní kọ.

Ẹ má sì ṣì í gbọ́ o. Kì í ṣe pé kéèyàn máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa. Àwọn dókítà yìí mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ ibi kan náà wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò ká lórí bẹ́ẹ̀dì, tó wá bẹ̀rẹ̀ mú bàtà lẹ́rọ̀, ó ti tú ara rẹ̀ síta. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ gba owó yìí lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5. Ẹni tó bù lára ìrora rẹ̀ àti ẹni tó bù mọ́ ọn, irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa.

Kó dé fún ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kó má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2010, àjọ NSITF ló ń mójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀, kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá létí, ó sì ní ọdún kan láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rọ gé níka, tó ní "kò le, Ọlọ́run ló kó mi yọ", tó lọ fi aṣọ di í nílé, ẹ̀rí wo ló fẹ́ mú wá?

Ní ti obìnrin tó wọ lẹ́ẹ̀sì, ìwé tí wọ́n kọ sí i kò parí ọ̀rọ̀. Ọjọ́ 60 ló wà fún ẹni tí wọ́n bá já kulẹ̀ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí ó tó ọjọ́ 60 ló sì pè é. Wọ́n tún ní kó lọ rí dókítà mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tì ọ̀pá wọlé, ó mú ìwé tó fi aago kọ dání. Àbúrò rẹ̀ tún pè lálẹ́.

"Àǹtí mi, kí lẹ wá sọ fún dókítà?"

"Mo ní mi ò lè dúró ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Mo ní ọmọ mi ló ń bá mi wọ ìbọ̀sẹ̀."

"Hẹ̀n! Ẹnu ara yín lẹ fi sọ ọ́?"

"Ẹnu ta ni kí n fi sọ ọ́? Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀yìn mi máa sọ Òyìnbó ni?"

Bí wọ́n bá fún un, bí wọn ò sì fún un, òótọ́ ti wà nínú fáìlì báyìí. Àwọn àgbà náà ṣáà ló sọ pé ohun tó bá dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Kí wọ́n fi "a dúpẹ́" sílẹ̀ fún àwọn tó ń kí wọn lọ́nà, kí wọ́n sọ ibi tó ń dùn wọ́n fún dókítà.