Ebi Lẹ́yìn Eré Ìdárayá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú wa ni ó ti pinnu láti dín sísanra kù. Ìpinnu rere ni, nítorí ọ̀rá àpọ̀jù a máa ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ní òwúrọ̀ a ń sáré yí pápá ká, ní ìrọ̀lẹ́ a ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bá parí tí ebi sì dé, ẹnu wa kì í kò mọ́ lórí ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe.

Apá kan ń wí pé ẹni tí ó bá ti làágùn, kí ó jẹ ohun gbogbo tí ó bá wù ú, nítorí òógùn rẹ̀ ti san gbèsè oúnjẹ náà. Apá kejì ń wí pé kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó mu omi, kí ó sì lọ sùn. Wọ́n ń pe èyí ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ní ti èmi, mo rò pé apá méjèèjì ni ó ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bá apá kìíní sọ̀rọ̀. Kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ àti èyí tí ara ń ná. Bí ẹni tí ó wọn kílógíráàmù 80 bá sáré fún kìlómítà 5, ohun tí yóò ná jẹ́ bíi kálórì 400. Bí ó bá wá jókòó ti ẹ̀pà sísun, tí ó ń jù ú sẹ́nu bí ó ti ń tàkúrọ̀sọ, bíi gíráàmù 70 ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ padà. Èyí tí a fi ìdajì wákàtí ná, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi kó o padà. N kò wí pé ẹ̀pà burú, oúnjẹ olóore ni. Ohun tí mo wí ni pé eré kì í ṣe owó tí a fi ń ra àjẹjù.

Ṣùgbọ́n apá kejì ni mo bá ní ẹjọ́ jù lọ, nítorí àṣìṣe tiwọn wọ ẹ̀wù ìwà mímọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pe ìyàn ní ààwẹ̀. Ẹ rántí Ísọ̀. Ó ti inú igbẹ́ ọdẹ dé, ó rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á, ó rí ọbẹ̀ pupa Jákọ́bù, ó sì ta ogún ìbí rẹ̀. A máa ń pè é ní ọ̀jẹun, ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí ó wà: kò sí oúnjẹ kankan tí ó ti pèsè sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ rí ni yóò jẹ, iyekíye tí wọ́n bá sì dá lé e ni yóò san. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó pa ẹnu mọ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́: bí ó bá di agogo mẹ́wàá alẹ́, yóò dìde sí gààrí àti ṣúgà, kò sì ní í mọ iye tí ó mu.

Ebi yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1999, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Japan kéde àwárí ohun kan tí wọ́n pè ní ghrelin. Àpòlúkù ni ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ láti ránṣẹ́ ebi sí ọpọlọ. Bí inú bá ṣófo, a pọ̀ sí i. Bí a bá jẹun tán, a dín kù. Eré líle a máa lé e sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀; ìdí nìyí tí ẹlòmíràn kì í fi mọ ebi kété tí ó bá sáré tán, tí ó sì rò pé òun ti borí. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, ońṣẹ́ náà padà dé, ó sì bá ilé láìsí ìpèsè.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Èkíní, kí a ti pinnu ohun tí a ó jẹ kí a tó jáde lọ sí pápá, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í ṣe adájọ́ rere. Èkejì, kí a fi eré sí iwájú àkókò oúnjẹ wa, kí oúnjẹ ẹ̀yìn eré má ṣe di àfikún. Ẹ̀kẹta, kí a mu omi dípò òógùn tí ó lọ. Ẹ̀kẹrin, kí a yan oúnjẹ tí ń pẹ́ nínú: ẹ̀wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹyin, ẹja, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ púpọ̀, kí òkèlè kéré. Ẹ̀karùn-ún, kí a jẹun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ìròyìn yíyó kì í tètè dé ọpọlọ. Ẹnìkan lè wí pé kì í ṣe àwa ni ó ń yan oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a ń bù àti bí a ti ń jẹ ẹ́ wà ní ìkáwọ́ wa. N kò sì wí pé ebi kò ní í kàn wá rárá. Ìyàtọ̀ wà láàrin ebi tí ń kan ilẹ̀kùn àti ebi tí ń fọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí ikùn tiwa. Olùkọ́ ni a ó jẹ́. Ọmọ tí ó sanra yóò wà ní kíláàsì wa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa fi í ṣe ẹlẹ́yà ní pápá. Bí àwa bá ti gbà pé ebi ni ìyà tí ó tọ́ sí ara tí ó sanra, ohun náà ni a ó kọ́ ọ, bí ẹnu wa kò tilẹ̀ sọ ọ́. Òmíràn yóò sì wá sí ilé ìwé láìjẹun. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ nínú eré, ọ̀lẹ ni a ó pè é. Ara ọmọdé ṣì ń dàgbà; kò yẹ kí a fi ebi bá a wí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa sáré, kí a sì máa jẹun ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ara yóò fi fúyẹ́.