Kókó Orí Ìpéǹpéjú: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Tìróò Sílẹ̀ Ná



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ìyá sábà máa ń mú ọmọ wá bá àwa tí a ń mójú tó ètò ìlera ní mọ́ṣáláṣí pé: "Nǹkan wú sí i lójú. Ẹ bá wa wá oògùn tí a óò máa kán sí i." Èsì wa kì í tètè tẹ́ wọn lọ́rùn: lọ́pọ̀ ìgbà, ojú náà kò nílò oògùn kíkán rárá.

Irú kókó tó wọ́pọ̀ jù ni eéwo ìdí irun ìpéǹpéjú. Ó máa ń pọ́n, ó máa ń dunni, ó sì lè ṣe ọyún. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ara awọ wa ló ń fà á. Irú kejì kì í sábà dunni. Ṣe ló le bíi kóró èso lábẹ́ awọ. Ihò tí ọ̀rá ń gbà jáde ní ìpéǹpéjú ló dí. Ó lè pẹ́ tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtọ́jú kan náà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ fún méjèèjì. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ ki aṣọ mímọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́, ẹ fún un, kí ẹ gbé e lé ojú náà ní dídì fún ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má tú u. Eéwo náà sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Oògùn ojú tí ẹlòmíràn lò kù ńkọ́? Ẹ dákun, ẹ má kán an. Àwọn kan ní èròjà steroid nínú. Bí a bá ń lò ó láìsí àṣẹ dókítà, ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga, kó sì fọ́ni lójú.

Èyí tó ká wa lára jù ni tìróò. A mọ̀ pé sunna ni lílo ithmid. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀lú dúdú tí wọ́n ń tà lọ́jà ni ithmid. Òjé ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan. Tìróò tó wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé kó ju ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ lọ. Òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, igi tìróò kan ṣoṣo tí ìyá, ọmọ àti àbúrò jọ ń lò lè gbé kòkòrò láti ojú dé ojú. Ànábì wa (SAW) tí a ń tẹ̀lé sunna rẹ̀ náà ló kọ́ wa pé kí a má ṣe ni ara wa lára, kí a má sì ṣe ni ẹlòmíràn lára. Nítorí náà, lójú tiwa, kò yẹ kí a máa lé tìróò ọjà fún ọmọdé mọ́.

Bí gbogbo ojú bá wú, tí ibà dé, tí yíyí ẹyinjú ń dunni tàbí tí ìríran dínkù, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Bákan náà, bí kókó àgbàlagbà bá ń padà sí ojú kan náà, tàbí tó mú irun ìpéǹpéjú re, kí dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ojú lọba ara. Kí Ọlọ́hun má fi ojú dá wa lóró. Àmín.